Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tẹ Olófòófó?

Ẹni tí wọ́n bá bí sí ẹnubodè kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Kétu ni wọ́n ti bí mi, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí. Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ kọ́ mi lẹ́yìn ìkíni ni pé bí àjèjì bá rẹ́rìn-ín sí mi, kí n wo ọwọ́ rẹ̀ kí n tó wo ẹnu rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ni mo gbé wá sí Ìbàdàn. Mi ò ní sọ bí mo ṣe rìn ín débẹ̀, nítorí ọ̀nà kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo dé ló pọ̀.

Títì Bẹẹrẹ ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Lọ́dọ̀ tiwa, apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà. Ní Ìbàdàn nígbà náà, apá òsì ni, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wọn. Mo dúró létí títì, mo wo ọwọ́ tí mo ti mọ̀ láti kékeré pé ibẹ̀ ni ikú ń gbà yọ. N kò rí nǹkan kan. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ báyìí, takisí kan ti dé ẹ̀yìn mi, ó ń fọn fèrè bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Awakọ̀ yọ orí síta.

"Ṣé o fọ́jú ni? Àbí ayé ti sú ẹ?"

Bàbá kan tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, tó ń rán bàtà awọ, ló sáré fà mí lápá. Ó gbọn eruku ara mi, ó bu omi fún mi. Mo mu omi náà tán, mo sì dúpẹ́ pé "mẹ́sì", bí wọ́n ṣe fi kọ́ wa nílé ìwé Faransé.

"Mẹ́sì? Ta ló ń jẹ́ Mẹ́sì?" Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé Ẹ̀gùn ni yín ni?"

"Rárá o, sà. Ọmọ Kétu ni mí. Yorùbá ni wá."

"Yorùbá tó ń ṣe mẹ́sì!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńlá àti awọ ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀.

Bàbá Ràímì ni orúkọ rẹ̀. Òun ló fún mi ní yàrá nínú agbo ilé wọn, òun náà ló sì mú mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Àdó, níbi tí ó ti jẹ́ olórí àwọn tó ń rán ìwé tí wọ́n sì ń lẹ èèpo mọ́ ọn. Iṣẹ́ awọ ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Àwọn baba rẹ̀ ló ń fi awọ bo Kùránì fún àwọn àáfà láyé àtijọ́. Bàtà tó ń rán yẹn, ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ló ń fi ṣe é.

Mo mọ̀ pé oore ńlá ni. Síbẹ̀, mo fura sí i. Bí mo bá wọ agbo ilé, ọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé," ni wọ́n ń wí. Bàbá Ràímì tó lè bí mi lọ́mọ, "ẹ" ló ń fi ń pè mí. Àwọn tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, "ẹ" náà ni. Lójú ẹlòmíràn, ọ̀wọ̀ nìyẹn. Lójú tèmi, ọgbà ni, wọ́n sì fi yí mi ká dáadáa.

Oúnjẹ ló fi yé mi jù. Lálẹ́, àwọn ọkùnrin ilé a jókòó yí àwo kan ká. Wọn a fọwọ́, wọn a sì dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní bu òkèlè títí Bàbá yóò fi bu tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àgbà tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni èyí tó tẹ̀lé ìyẹn. Tèmi dá wà nínú àwo tánganran, pẹ̀lú ṣíbí, lórí àga. Ẹran inú rẹ̀ máa ń pọ̀ ju tiwọn lọ. Mo ń jẹ ẹ́, inú mi kò sì dùn.

Akọ̀wé yàrá ẹrù ni mo kọ́kọ́ jẹ́ nílé ìtẹ̀wé náà. Alàgbà kan ló ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó máa ń jókòó sẹ́nu géètì láàárọ̀. Kò ní ohun tó fi ń ṣọ́ wọn ju orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ lọ. Ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó mọ ẹni tí òjò wó ògiri rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó ń parọ́. Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá wa, Òyìnbó kan tí kì í pariwo, ra aago kan wá láti òkè òkun. Aago náà ní ẹnu. O ó ki káàdì rẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, o ó fa ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó máa dún "gbì!", àkókò tí o dé á sì ti wà lára káàdì. Bí o bá dé kí aago méje tó lù, dúdú ni yóò kọ. Bí o bá pẹ́, pupa ni.

Alàgbà wo aago náà fún ọjọ́ mélòó kan. "Èmi ò ní bá irin du ìjókòó," ló wí, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ sinmi.

Wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ lọ àwọn ọmọ Ìbàdàn, wọ́n kọ̀. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò máa fi ẹ̀rọ ṣọ́ àbúrò bàbá ara rẹ̀? Ni Ọ̀gá bá ránṣẹ́ pè mí.

"A ń wá ẹni tí kò ní ará nínú wọn," ló wí. "Mo gbọ́ pé ìwọ kò ní ẹnikẹ́ni."

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, kò sì mọ̀ pé èébú ni. Mo gbà á. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọ́n mi ni wọ́n rí. Àìlárá mi ni wọ́n gbà síṣẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ aago náà lórúkọ: Olófòófó. Àwọn kan ní Òyìnbó ń gbọ́ ohùn ènìyàn láti inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní iye ọjọ́ tó kù fún ènìyàn níbi iṣẹ́ ló ń kà. Èmi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n kì í kọ ẹ̀yìn sí i. Tèmi, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn gbogbo wọn, nígbà tí kò bá sẹ́nìkan nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi náà.

Lẹ́yìn tí ara àwọn òṣìṣẹ́ wálẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń to lẹ́tà ń tẹ dúdú. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ dúdú. Yàrá Bàbá Ràímì nìkan ni gbogbo wọn ń tẹ pupa, láti orí Bàbá títí dé orí ẹni tó kéré jù, lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni kan kì í pẹ́ ju ẹnì kejì lọ.

Ọ̀gá tẹ́ káàdì wọn síwájú mi. "Bí ènìyàn kan bá pẹ́, oorun ni. Bí gbogbo yàrá bá pẹ́ pa pọ̀, ọ̀tẹ̀ ni. Ẹnì kan ló ń darí wọn. Mú orúkọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, yóò sì máa lọ. Bí o kò bá rí i mú wá, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ju agbára rẹ lọ."

Orúkọ wo ni mo fẹ́ mú wá? Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó jẹ́ olórí yàrá náà. Bí mo bá dárúkọ Bàbá Ràímì, mo ti fi ẹnu mi lé ẹni tó gbà mí sílé jáde níbi iṣẹ́ tó ti fi ń bọ́ gbogbo agbo ilé. Bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, èmi ni màá lọ. Níbo ni màá sì lọ? Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́.

Àmọ́ èyí tó burú jù ni pé èmi náà gbà pé ọ̀tẹ̀ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè dé, mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn bébà tí wọ́n tò jọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo rí wọn tí wọ́n ń dé ní méjì méjì, kí aago méje tó súnmọ́. Wọn kò lọ sídìí aago. Wọ́n dúró sábẹ́ igi ọ̀dán, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n ń wo títì. Nígbà tó yá, Bàbá Ràímì dé, aago kò tíì lu méje. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn. Òun náà dúró. Ó ń wò wọ́n, wọ́n ń wò ó, wọ́n jọ ń wo Olófòófó. Agogo méje lù. Kò sẹ́ni tó mira. Ìgbà tí agogo ti dákẹ́ dáadáa ni Bàbá tó mí kanlẹ̀, tó lọ tẹ tirẹ̀, tí àwọn yòókù sì tẹ̀lé e, ní pupa.

Mo lọ bá Làsísì, ọ̀kan nínú wọn tó fi díẹ̀ jù mí lọ. "Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ máa ń dúró dè láràárọ̀?"

Ojú tí ènìyàn fi ń wo ọlọ́pàá ló fi wò mí. "A ò dúró de nǹkan kan o, Akọ̀wé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni Olófòófó? Ẹ bi í léèrè."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti bá ilé ṣe àdéhùn tẹlifóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ tiwa. Mo ti rán awakọ̀ ẹrù sí i pé kí ó mú ìyá mi wá síbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ohùn ìyá mi láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo wọ aṣọ tó mọ́ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, àfi bíi pé yóò rí mi. Nígbà tí wọ́n so wá pọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Wọ́n ti wà níbí o, ìyá rẹ àti bàbá mi." Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn wọn lókèèrè.

"Ẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ dàgbà." Ìyá mi nìyẹn.

"Ìwọ lo bí i. Ìwọ kọ́kọ́ gbà á ná, ká wo ohun tó máa ṣe fún ọ."

"Kí n la ẹnu níwájú yín? Kò ṣeé gbọ́ sétí."

"Mo ní kí o gbà á! Ṣé èmi ni kí irin náà kọ́kọ́ gbé ni?"

"Ìyá mi!" ni mo ń pariwo. "Ẹ sáà sọ̀rọ̀!" Wọn kò gbọ́. Wọ́n ń bá ara wọn fà á títí okùn fi já, tí akọ̀wé tó wà níbẹ̀ sì sọ fún mi pé àsìkò mi ti pé.

Mo sunkún. Ojú títì ni mo ti sunkún, lójú ọ̀sán gangan, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí. Mo gba ọ̀nà Ògùnpa, mo ń bú ẹ̀gbọ́n bàbá mi nínú. Ó ń bẹ̀rù, ó fẹ́ kí obìnrin kọ́kọ́ dán an wò. Ìyá mi ń bọ̀wọ̀, kò lè ṣíwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jẹ àsìkò tán, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ibi. Ìgbà tí mo dé orí afárá ni mo rántí àwọn tó ń dúró lábẹ́ igi ọ̀dán, ọ̀rọ̀ náà sì lù mí láyà. Mo dúró. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ń ta mí nígbọ̀n-ọ́n, mi ò kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo bá Bàbá Ràímì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú awọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kì í tètè tẹ káàdì yín tí ẹ bá dé?"

Kò gbé ojú sókè. "Mò ń dúró kí àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí n rí ohun tó máa ṣe fún wọn. Pé kò gbé mi lánàá kò ní kó má gbé mi lónìí, wọ́n sì lágbára jù mí lọ. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè, Bàbá."

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ló máa ki ọwọ́ bọ àwo níwájú yín?"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo awọ, ó bú sẹ́rìn-ín, àfi bí ọjọ́ tí mo ṣe mẹ́sì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ wéré.

"Ta ló rán yín wá bi mí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ pé Ọ̀gá ń fẹ́ orúkọ, mo sì sọ orúkọ tí ó máa jẹ́. Ó ká awọ náà sórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó bá ń ka ìgbà tí mo wọlé, ọjọ́ kan ló máa kà mí jáde. Arúgbó ni mí. Ṣé ẹ lè búra pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó wù mí kí n búra. "Mi ò lè búra, Bàbá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́la kí agogo tó lù, ọ̀la náà ló máa kà yín jáde."

Ó ṣa abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. "Tí ẹ bá búra ni, ǹ bá ti lé yín kúrò nílé mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá Ràímì wọlé, kò dúró lábẹ́ igi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé, ó ní "Bìsìmìláì", ó ki káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fa irin náà bí ẹni fa etí ọmọ tó ya aláìgbọràn. Gbì! Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n pé. Èyí tó tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí bọ́ síwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni òmíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tò wọ́n. Kí agogo tó lù, gbogbo wọn ti wọlé, káàdì wọn sì dúdú látòkè délẹ̀.

"Ta ni olórí ọ̀tẹ̀?" ni Ọ̀gá bi mí.

"Kò sí ọ̀tẹ̀, sà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àgbà ni."

Kò gbà mí gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rò pé mo ti di ara wọn. Ó ní òun yóò máa ṣọ́ yàrá náà, òun yóò sì máa ṣọ́ èmi náà. Mo ní kò burú. Lẹ́yìn èyí, nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun wọ ilé ìtẹ̀wé náà, mo kọ́kọ́ máa ń wá àgbà yàrá tí wọ́n ń gbé e lọ. Màá bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, mi ò sì ní ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi. Àwọn tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà wá láti Èkó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ yíǹkì. Wọn kò kọ́ mi ní èyí.

Mo tún ránṣẹ́ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kí ó sì yọ̀ǹda. Mo gbọ́ ọ tó pariwo bí ẹni ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò: "Mo ti sọ̀rọ̀ o! Mo yọ̀ǹda!" Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá mi wọlé, ó le.

"Bí o bá jẹ́ ọmọ mi lóòótọ́, kí ni mo ní kí o máa wò kí o tó wo ẹnu ènìyàn?"

"Ọwọ́ wọn, Ìyá mi."

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, a sì jọ sun ún títí àsìkò fi pé. A kò sọ ọ̀rọ̀ gidi kankan. Ó tó mi.

Ohun kan ló kù. Èmi ṣì ń tẹ tèmi lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń tò, n kò ní àyè láàárín wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìṣe mi. Bàbá Ràímì tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà yòókù tẹ̀ ẹ́. Ó kan Làsísì, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ìlà náà dúró. Múfú, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yàrá náà, ló kàn, àmọ́ Múfú kò mira, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà kò mira. Gbogbo wọn ń wo èmi. Aago méje ti fẹ́ lù.

Mo ní wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀, pé lọ́tẹ̀ yìí èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀sín. "Kí ló tún dé?" ni mo bi Làsísì.

"Ìwọ ló kàn."

"Èmi?"

"Àbí ta ni? Bàbá ti sọ ọdún tí wọ́n bí ẹ fún wa. Èmi lo tẹ̀lé, Múfú ló tẹ̀lé ẹ. Ó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́ níwájú ẹ̀gbọ́n òun. Ó yá, ṣe kíá, àbí o fẹ́ kí ó kọ gbogbo wa ní pupa ni?"

Láti ìgbà tí mo ti dé Ìbàdàn, ọmọ ìlú náà kankan kò fi "o" pè mí rí, àfi awakọ̀ takisí tó fẹ́ pa mí. Mo wo ọwọ́ wọn kí n tó wo ẹnu wọn. Káàdì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bọ́ sáàárín Làsísì àti Múfú, mo sì tẹ tèmi.